Ká tó sùn lálẹ́, ṣé ká pa kọ̀ǹpútà ni àbí ká fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti gbé kọ̀ǹpútà wọlé, tí ẹ sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà kò kàn yín. Ó kàn yín o. Owó yín ló ra á, owó yín náà ló ń san owó iná rẹ̀. Bó bá sì bàjẹ́ mọ́jú, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa sáré wá.

Bí alẹ́ bá ti lẹ́ ní àwọn ilé tó wà ní Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáìkò, ìbéèrè kan máa ń jẹ yọ níbi tí kọ̀ǹpútà bá wà. Bàbá á dìde láti lọ tilẹ̀kùn, á rí iná kékeré kan tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ náà, á sì gbọ́ ohùn fáànù inú rẹ̀. Á ní kí wọ́n pa á. Ọmọ á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, Dádì. Bí a bá ń pa á, tí a tún ń tàn án, ìyẹn ló máa ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́." Bàbá á mirí, á padà sí yàrá, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB náà ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló wá jàre nínú bàbá àti ọmọ?

Èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí ti fojú winá ọ̀rọ̀ náà rí. Nígbà tí mo wà lọ́dún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo gbé iṣẹ́ àṣekágbá mi fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Òkòkòmáìkò pé kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ku bí ojú ewé mẹ́wàá kó parí lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní kí n máa lọ, ó ní òun ò ní pa ẹ̀rọ náà, kó lè rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní UPS wà nídìí rẹ̀, kò séwu. Òru ọjọ́ náà ni iná lọ. Bátìrì UPS náà ti gbó, kò lè gbé ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó tó di ìdájí, iná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó jó ohun tó ń pín iná sínú kọ̀ǹpútà náà, ó sì ba ibi tí ó ń kó iṣẹ́ pa mọ́ sí jẹ́. Gbogbo iṣẹ́ mi lọ. Ọlọ́run ló yọ mí pé mi ò tíì da ìwé tí mo fọwọ́ kọ nù. Ìyá mi, tó ń ta ata ní Ìyànà-Ìba, ló yọ owó nínú owó ọjà rẹ̀ tí mo fi san owó títẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí.

Níbo ni ọ̀rọ̀ "ẹ má pa á" ti wá?

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá, ó ní ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1946, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ENIAC han aráyé ní yunifásítì Pennsylvania, nílùú Philadelphia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Yàrá ńlá kan odidi ni ẹ̀rọ náà gbà, ó sì wúwo tó nǹkan bí ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù. Ohun tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni gílóòbù onígíláàsì tó lé ní 17,000. Ẹ̀yin àgbà tó lo rédíò àtijọ́ mọ irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, èyí tó máa ń pọ́n kí rédíò tó fọhùn. Àwọn tó ń bójú tó ENIAC rí i pé ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, tó ń gbóná bọ̀, tàbí ìgbà tí wọ́n bá pa á, tó ń tutù lọ, ni gílóòbù máa ń jó jù. Nítorí náà, wọ́n fi í sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọgbọ́n ni nígbà náà.

Ṣùgbọ́n kò sí gílóòbù bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí ọmọ yín gbé wálé. Wọ́n ti fi àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín rọ́pò rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Lóòótọ́, ohun gbogbo tó bá ń gbóná tó tún ń tutù máa ń ràn, ó sì máa ń sún kì. Bí èèyàn bá ń pa ẹ̀rọ, tó ń tàn án nígbà ogún lójúmọ́, ó lè pa á lára. Ẹni tó bá pa á lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, tó sì tàn án lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kò fi nǹkan kan pa á lára rárá. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ pé wọ́n máa ń pa á, wọ́n sì ṣe é kó lè gbà á.

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sọ bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ pé kọ̀ǹpútà báńkì àti ti àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù kì í sùn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n yàrá tútù ni wọ́n ń kó wọn sí, iná wọn kì í ṣẹ́jú, òṣìṣẹ́ sì ń ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru. Ta ló ń ṣọ́ ti yín nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn?

Nígbà tí Òkòkòmáìkò kì í sùn

Àwọn tó ti pẹ́ lágbègbè Ọ̀jọ́ á rántí pé ìgbà kan wà tí kọ̀ǹpútà kì í sùn níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2000, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde kan, kafé pọ̀ láwọn àdúgbò tó yí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ká. Ọdún 1983 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀, nígbà ìjọba Gómìnà Lateef Jákàńdè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì kún Ìba, Ìyànà-Ìba àti Òkòkòmáìkò. Owó wákàtí kan lọ́sàn-án wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń san owó òru, èyí tí wọ́n ń pè ní "night browsing". Wọ́n á wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ra wọn, ó di ìdájí kí wọ́n tó jáde. Jẹnẹrétọ̀ á máa ké níta títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àwọn kan ń kàwé, àwọn kan ń wá ilé ẹ̀kọ́ sí òkè òkun. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ jìbìtì ni wọ́n bá wá, àwọn tí aráàlú ń pè ní ọmọ Yahoo. Lọ́dún 2006, àjọ EFCC tó ń gbógun ti jìbìtì ní kí àwọn tó ni kafé dáwọ́ "night browsing" dúró. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ìwà gbájú-ẹ̀ lọ́dún náà tún pàṣẹ pé kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí kafé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà. Nígbà tó yá, fóònù alágbèéká gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kafé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n àṣà kí kọ̀ǹpútà máa ṣiṣẹ́ mọ́jú kò tán lára ọ̀pọ̀ tó dàgbà sínú kafé. Àwọn náà ni bàbá ọmọ báyìí, wọ́n sì ti kó àṣà náà wọ ilé.

Iná tó ń lọ, iná tó ń bọ̀

Ìdí àkọ́kọ́ tí ó fi yẹ ká pa kọ̀ǹpútà lálẹ́ ni ọ̀rọ̀ iná. Orúkọ NEPA ti yí padà sí PHCN lọ́dún 2005, wọ́n sì tà á fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lóṣù kọkànlá ọdún 2013. Iléeṣẹ́ Eko Electricity ló gba iṣẹ́ pípín iná fún agbègbè Ọ̀jọ́ nígbà náà. Síbẹ̀, NEPA ṣì lọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń pè é, nítorí pé iná ṣì ń lọ, ó sì ń bọ̀.

Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sínú ibi ìkópamọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni ìgbà tí iná bá dé. Iná 230 volt ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ inú ilé wa fún. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kì í fìgbà gbogbo dé ní ìwọ̀n yẹn. Ó lè wálẹ̀ jù, ó sì lè ga jù. Bí wáyà tí àwọn oníná ń pè ní "neutral" bá já lórí òpó, iná tó ń wọ ilé kan lè ga tó nǹkan bíi 400 volt. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í jó kọ̀ǹpútà nìkan. Ó lè jó fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, ó sì lè dáná sun ilé. Bó bá ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án, ẹnì kan á sáré pa súwíìṣì. Bó bá ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, èéfín ló máa jí onílé, bí Ọlọ́run bá bá a ṣe é.

Ẹ̀yin ará wa tó wà lábúlé náà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa nígbà òjò. Àrá tó bá sán sẹ́bàá òpó iná lè gba wáyà wọlé. Títẹ súwíìṣì nìkan kò tó. Ẹ yọ ojú wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì pátápátá.

Owó ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú ojú gbàràmù ti àtijọ́ lè jẹ tó 100 watt bó ti wà níbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago méje òwúrọ̀, wákàtí mẹ́wàá nìyẹn, ó sì jẹ́ yúníìtì iná kan gééré lórí mítà. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó yúníìtì kan dé N225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún. Owó náà ti yí padà díẹ̀ látìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi N225 ṣe ìṣírò. Lálẹ́ kan, N225. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, N6,750. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá á san N67,500 lóṣù lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò lò. Àwọn tí kò sí ní Band A ń san owó tó kéré sí èyí, ṣùgbọ́n àwọn náà ń sanwó.

Laptop kò jẹun tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ń jẹ 20 watt, N45 lowó rẹ̀ lálẹ́ kan. Bí ẹ bá sì mú kí kọ̀ǹpútà sùn, ìyẹn ni pé kí ojú rẹ̀ kú, kó sì rọra máa tòògbé, nǹkan bíi 3 watt ló máa jẹ, owó rẹ̀ kò sì ní ju nǹkan bíi náírà méje lọ lálẹ́.

Àwọn tó ń lo inverter ló yẹ kó kíyè sí i jù. Bátìrì ńlá kan ti 12 volt, tó jẹ́ 200 amp, ń gba iná yúníìtì méjì àti díẹ̀. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi, kò yẹ kéèyàn lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má bàa tètè kú, ìyẹn bí yúníìtì kan àti díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan tí ẹ gbàgbé lálẹ́ lè jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ìgbà tí fáànù bá dúró lójijì ní ìdájí, tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ooru, kọ̀ǹpútà ló gbé iná lọ.

Ti jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe eré

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, epo bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bíi N185 lítà kan fò sókè dé nǹkan bíi N500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì tún kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí kọ̀ǹpútà ń finá sun owó ni.

Owó kọ́ ló sì ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì rùn. Ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ pé òun ń fà á símú. Ó máa ń pa odidi ìdílé láìsí ariwo. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí sí ìdí fèrèsé, kó sì sùn, nítorí pé ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́ kan. Kò sí iṣẹ́ tó tó ẹ̀mí.

Tòkúnbọ̀ Alábà

Ọ̀jọ́ náà ni ọjà Alábà wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ra tòkúnbọ̀. Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n ń kó wá sí Èkó. Wọ́n ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kọ̀ǹténà ló ń wọlé lóṣù, àti pé àwọn oníṣòwò sọ fún wọn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò wúlò mọ́. Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Fáànù rẹ̀ ti yí, ibi ìkópamọ́ rẹ̀ tó máa ń yí bíi àwo rẹ́kọ́ọ̀dù náà ti yí tó. Wákàtí mẹ́wàá lálẹ́ kan jẹ́ wákàtí 3,650 lọ́dún. Gbogbo wákàtí yẹn ni fáànù á fi máa fa eruku wọlé, pàápàá nígbà ọyẹ́. Eruku á bo inú rẹ̀, ooru kò ní rọ́nà jáde, ẹ̀rọ á gbóná, á sì kú láìtọ́jọ́. Ẹ̀yin tó ní ẹ̀rọ ìlọta mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í tan ẹ̀rọ sílẹ̀ nígbà tí kò sí ata tàbí ẹ̀gẹ́ láti lọ̀.

Ìgbà tó yẹ ká fi í sílẹ̀

A ò ní tìtorí èyí sọ pé kò sí ìgbà tó tọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń gba ohun ńlá kan wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tó ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, tó sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé kí ẹ má ṣe pa òun, ẹ má pa á. Bí ẹ bá já a lágbede méjì, ó lè má tan mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí ọmọ máa bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán, kó lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Kọ̀ǹpútà àgbà tó ń darí àwọn yòókù níléeṣẹ́ náà lè máa ṣiṣẹ́ mọ́jú, bí UPS rẹ̀ bá lágbára, tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì wà.

Fún àwa yòókù, ohun tó yẹ ká ṣe kò pọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíì. Kó pa kọ̀ǹpútà láti ojú rẹ̀, kó dúró títí iná ara rẹ̀ á fi kú. Ẹ má ṣe fa wáyà yọ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa UPS tàbí stabilizer, kí ẹ sì yọ wáyà lára ògiri. Bí iná bá dé láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ laptop ni, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù nígbà tó ń gba iná, nítorí ibẹ̀ ni ooru ti ń ká mọ́ ọn.

Nítorí náà, nínú àríyànjiyàn tó wà láàárín bàbá àti ọmọ, bàbá ló jàre. Ọmọ kò purọ́, ọ̀rọ̀ tó ṣe rẹ́gí fún ẹ̀rọ ayé àtijọ́ àti fún ibi tí iná kì í ti lọ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Philadelphia la wà. Bí ilẹ̀ bá ṣú lónìí, tí ẹ bá rí iná kékeré yẹn tó ń ṣẹ́jú, ẹ má mirí kí ẹ padà sí yàrá. Ẹ pe ọmọ yín, kí ẹ jọ pa á, kí ẹ sì jọ yọ wáyà rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká jí ire.